Ìyẹ́ orí bọ́jì mi ń tán lọ, awọ rẹ̀ ti hàn síta. Kí ló ń fà á?

Àṣàbí_ÒkèÀdó
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin alẹ́yẹ. Bọ́jì méjì ni mo ní, àwọn ẹyẹ kékeré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní párákíìtì. Akọ jẹ́ aláwọ̀ ewé, abo jẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Kéèjì kan náà ni wọ́n jọ wà, ní pálọ̀. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ìyẹ́ ti ń pọ̀ nílẹ̀ kéèjì. Ní báyìí, ẹ̀yìn orí akọ ti pá, ó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Awọ ibẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ó ń jẹun dáadáa, ó ń kọrin, ìgbẹ́ rẹ̀ ò yí padà. Aládùúgbò mi ní kí n fi karosíìnì pa á lára, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe fún adìẹ tó bá ní iná nìyẹn. Mi ò tíì fi nǹkan kan kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí irú èyí rí? Fọ́tò rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Kúnlé_Agége
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ń pààrọ̀ ìyẹ́ ni. Gbogbo ẹyẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tèmi náà máa ń da ìyẹ́ sílẹ̀ gan-an nígbà ọyẹ́, ìyẹ́ tuntun á sì hù. Ẹ fún un lómi tó mọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

DókítàẸran_Abẹ́òkúta
Mọ̀mí Àṣàbí, ẹ ṣeun gan-an tí ẹ ò fi karosíìnì kàn án. Ẹ má fi kàn án láé. Bọ́jì kan ò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 30 sí 40 lọ. Ohun tí ẹ bá fi pa á lára, yóò fẹnu lá a nígbà tó bá ń tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe, yóò gba ojú awọ wọlé, òórùn rẹ̀ nìkan sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Oògùn ẹ̀fọn tí à ń fín sínú yàrá náà ò dáa fún un. Òróró àgbọn, òrí àti ìpara tún burú lọ́nà tiwọn: wọ́n á lẹ ìyẹ́ pọ̀, ẹyẹ náà ò sì ní lè fi ìyẹ́ ọ̀hún móoru mọ́.

Kúnlé, òótọ́ ni pé bọ́jì máa ń pààrọ̀ ìyẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ máa ń wáyé tó bá tó oṣù 3 sí 4, nígbà tí àwọn ìlà dúdú iwájú orí rẹ̀ bá ń pa rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó ń pààrọ̀ ìyẹ́ kì í pá. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹ́ ń bọ́, ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì máa ń bá ara wọn mu, kí ẹyẹ náà má baà pàdánù agbára láti fò. Bí èyí tó gbó ṣe ń bọ́ ni tuntun ń yọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí awọ lásán, ohun mìíràn ló wà níbẹ̀.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ibi tí ìyẹ́ ti tán. Àgógó ẹyẹ ò lè dé orí ara rẹ̀. Ẹyẹ tó bá ń fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu, àyà, abẹ́ apá, itan àti ìdí ìrù ló máa pá, orí rẹ̀ á sì wà digbí pẹ̀lú ìyẹ́ tó dán. Tó bá wá jẹ́ pé orí ló pá, kì í ṣe òun ló ṣe é fún ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹyẹ kejì. Ó lè jẹ́ pé ó ń fi orí ha irin kéèjì nítorí pé nǹkan ń yún un. Ó sì lè jẹ́ kòkòrò.

Ẹ dá mi lóhùn: ṣé awọ yí àgógó rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ká ti yi, tó funfun, tó ní ihò wẹ́wẹ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kùkùté ìyẹ́ ṣì wà lórí awọ tó pá yẹn, àbí ó ń dán? Kí ni wọ́n ń jẹ? Abo ńkọ́, ṣé òun náà ń pá?

Àdùkẹ́_Ìkòròdú
Ẹ tún bi wọ́n nípa oorun, Dókítà. Bọ́jì nílò òkùnkùn wákàtí 10 sí 12 lálẹ́. Ní pálọ̀ tí iná ń tàn, tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ títí di ọ̀gànjọ́, ara ẹyẹ ò ní balẹ̀. Ìnira yẹn a sì máa hàn nínú ìyẹ́.

Àṣàbí_ÒkèÀdó
Dókítà, ẹ ṣé. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kò sí ohun tó yi lójú tàbí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ibi ihò imú rẹ̀ dán, ó sì búlúù. Lórí awọ tó pá, mo rí kùkùté kéékèèké, àwọn kan dà bí ẹni pé nǹkan gé wọn. Abo ò pá níbì kankan, ara rẹ̀ dán yọ̀. Jéró ni wọ́n ń jẹ, àti àwọn hóró tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá. Àpótí ìtẹ́ kan wà nínú kéèjì náà, ẹni tó tà wọ́n fún mi ló fi kún un.

Ọ̀rọ̀ oorun yẹn bá mi wí. Pálọ̀ wa kì í tètè dákẹ́.

DókítàẸran_Abẹ́òkúta
Àpótí ìtẹ́! Awọ ibi ihò imú abo ńkọ́, àwọ̀ wo ni? Ẹ jókòó sítòsí wọn lọ́sàn-án, kí ẹ má dá sí wọn, kí ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bà sórí igi.

Ìyábọ̀_Ìlọrin
Ẹ má bínú pé mo já sí ọ̀rọ̀ yín. Tèmi yàtọ̀ sí ti Mọ̀mí. Ọmọ bọ́jì ni mo rà, kò tíì pẹ́ tó kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀. Orí àti àyà rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹ́ gígùn apá rẹ̀ àti ti ìrù ti bọ́. Èyí tó bá hù, á tún bọ́. Kò lè fò, ńṣe ló ń sáré kiri ilẹ̀ bí adìẹ òpìpì. Ẹni tó tà á ní yóò tó hù. Mo ní ẹyẹ mẹ́ta mìíràn nílé.

DókítàẸran_Abẹ́òkúta
Ìyábọ̀, ọ̀rọ̀ tìrẹ ni kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Gbé ọmọ ẹyẹ yẹn sí yàrá mìíràn lónìí, kí o jẹ́ kí abọ́ rẹ̀ dá wà, kí o sì máa tọ́jú àwọn mẹ́ta tó dá ṣáṣá kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fọ ọwọ́ rẹ, kí o pààrọ̀ aṣọ.

Ọmọ bọ́jì tí ìyẹ́ apá àti ìrù rẹ̀ ń bọ́ báyìí, fáírọ́ọ̀sì méjì là ń fura sí. Èkíní ni polyomavirus. Ìkejì ni èyí tó ń fa àrùn tí wọ́n ń pè ní PBFD, tó ń ba ibi tí ìyẹ́ ti ń hù jẹ́, tó sì ń ba àgógó jẹ́ lára àwọn ẹ̀yà mìíràn. Ìyẹ́ tó bá hù lára ẹni tó ní PBFD a máa lọ́, tàbí kí ìdí rẹ̀ fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ á wà nínú ọ̀pá rẹ̀. Eruku ìyẹ́ àti ìgbẹ́ ló ń gbé e kiri, ó sì lè pẹ́ nínú kéèjì tí wọn ò fọ̀ dáadáa. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò PCR, èyí tó ń wá àmì fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, lórí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìyẹ́ ló ń sọ èyí tó jẹ́.

Mi ò ní tàn ọ́: kò sí oògùn tó ń pa PBFD. Àwọn bọ́jì kan máa ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí wọ́n bá ń jẹun dáadáa, tí wọ́n móoru, tí wọn ò sì sí lábẹ́ ìnira, ṣùgbọ́n wọ́n lè kó o ran ẹlòmíràn. Èyí tó bá jẹ́ polyomavirus, tó sì ti kọjá ewu ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹ́ àwọn kan máa ń padà hù. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi ṣe pàtàkì kí o tó pinnu ohunkóhun. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta níhìn-ín náà. Pè wọ́n kí o tó gbéra, kí o sì bi wọ́n bóyá wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹyẹ kékeré.

Fún gbogbo ẹni tó ń kà á: ẹyẹ tuntun, ó kéré tán ọjọ́ 30 ní yàrá tirẹ̀ kó tó bá àwọn tó kù pàdé. Bó ti wù kó rẹwà tó.

Tóbi_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Kí n fi tèmi kún un, nítorí pé òdìkejì ti Mọ̀mí Àṣàbí ni. Bọ́jì kan ṣoṣo ni mo ní níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Àyà rẹ̀ ló pá, orí rẹ̀ dán bí ti tẹ́lẹ̀, èyí ló fi yé wa pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fà á tu. Gbogbo wa ló rò pé àdáwà ló ń ṣe é, torí iṣẹ́ ni mò ń lọ láàárọ̀, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí n tó dé. Dókítà ẹyẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò kò dúró lórí àdáwà. Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó ya fọ́tò inú rẹ̀, ó sì rí i pé ọ̀rá ti kún inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé hóró nìkan ló ń jẹ látọjọ́ tó ti dáyé. Ara ló ń ni ín, ó wá ń fi àgógó wá ibi tó ń dùn ún.

Mo sọ èyí nítorí pé àwọn ènìyàn tètè máa ń sọ pé “ẹyẹ rẹ ń ronú ni.” Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ara wò kí á tó lọ sí ọkàn.

Ìkìlọ̀ mìíràn: páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bí ó bá gbóná jù lórí iná, èéfín rẹ̀ lè pa ẹyẹ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má gbé kéèjì sítòsí kíṣìnì.

Fẹ́mi_Òṣogbo
Dókítà, mo ní ìbéèrè. Ìyẹ́ tí wọ́n bá fà tu, ṣé ó máa ń padà hù? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé mo ti rí odídẹrẹ́ tí wọ́n ti fa gbogbo ìkóóde rẹ̀ tu, ìdí rẹ̀ sì wà ní òfìfo.

BàbáOníwòó
Fẹ́mi ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí Dókítà tó dá ọ lóhùn. Ọmọ Ìwó ni mí, odídẹrẹ́ sì ni ẹyẹ ìlú wa. Mo mọ ohun tí ìkóóde jẹ́ nínú ìṣẹ̀ṣe. Lórí ìyàwó òrìṣà ló ń jókòó, àwọn ọmọ wa ní Brazil àti Kúbà sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ń bọ́ ìkóóde fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní odídẹrẹ́ nílé, tó sì ń fara balẹ̀, á ṣà á nílẹ̀ kéèjì láì jẹ́ kí ẹyẹ ké. Mo ti rí àwọn tó ń dì í mú tí wọ́n ń fà á, ìdí rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀, inú mi ò sì dùn sí i rí. À ń fi odídẹrẹ́ súre fún ènìyàn pé kì í kú sóko ìwájẹ. Ẹyẹ tí à ń fi súre kò yẹ kí á máa jẹ níyà.

Odídẹrẹ́ inú igbó ò sì pọ̀ mọ́. Láti oṣù kìíní 2017 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti fòfin de kíkó èyí tí wọ́n mú nínú igbó kọjá ààlà orílẹ̀-èdè fún òwò. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.

DókítàẸran_Abẹ́òkúta
Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀.

Fẹ́mi, ìyẹ́ tó bọ́ tàbí tí wọ́n fà tu tìdí-tìdí, ihò tó ti hù á bẹ̀rẹ̀ sí hu òmíràn kíákíá, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ẹ ó ti rí i. Èyí tó gé láàárín, tí ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú awọ, kò ní hù mọ́ títí di ìgbà tí ẹyẹ náà yóò pààrọ̀ ìyẹ́. Àwọn tó rẹ́ ìyẹ́ apá ẹyẹ wọn mọ èyí. Bí wọ́n bá wá ń fa ibì kan náà tu léraléra, ihò yẹn á dápàá, kò sì ní hu nǹkan kan mọ́ láyé. Ohun tó ń ṣe odídẹrẹ́ tí o rí nìyẹn bóyá, ohun kan náà ló sì lè ṣẹlẹ̀ sí bọ́jì tó ń fa ara rẹ̀ tu tí a ò tètè wá ìdí rẹ̀.

Àṣàbí_ÒkèÀdó
Dókítà, mo ti wò wọ́n lọ́sàn-án méjì báyìí. Abo ni! Awọ ibi ihò imú rẹ̀ ti di bíráwùn, ó sì nípọn. Bí akọ bá sún mọ́ àpótí ìtẹ́, á lé e, á fi àgógó mú un lẹ́yìn orí. Ìgbà tí ara wọn bá balẹ̀, tí wọ́n jókòó ti ara wọn, á tún bẹ̀rẹ̀ sí fẹnu tún ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ṣe, bí ẹni tó ń ṣìkẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Mo rí i tó já ìyẹ́ kan, tó sì ń jẹ ìdí rẹ̀ lẹ́nu. Àánú akọ yẹn ṣe mí gan-an, torí kì í jà padà.

Kúnlé_Agége
Ọ̀rọ̀ dé! Dókítà, ẹ ṣeun. Mo ti kọ́ nǹkan.

DókítàẸran_Abẹ́òkúta
Ìdí ọ̀rọ̀ la ti dé yẹn. Awọ imú tó di bíráwùn tó sì nípọn túmọ̀ sí pé abo ti wà ní ìmúra àtiyé ẹyin. Àpótí ìtẹ́ ló ń gbóná mọ́ ọn lórí, ó ń ṣọ́ ọ. Abo bọ́jì le ju akọ lọ ní irú àkókò yìí, nínú kéèjì tó há, akọ ò sì ríbi sá sí.

Ẹ gbé àpótí ìtẹ́ kúrò lónìí. Ẹ yọ ohunkóhun tó ṣókùnkùn tó lè wọnú rẹ̀ kúrò pẹ̀lú. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù lálẹ́ gẹ́gẹ́ bí Àdùkẹ́ ti wí, nítorí ọjọ́ gígùn wà lára ohun tó ń sọ fún ara ẹyẹ pé àsìkò ìyé ẹyin ti tó. Kí ẹ wá ya àwọn méjèèjì. Kéèjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dáa, kí wọ́n lè máa rí ara wọn, kí wọ́n máa dá ara wọn lóhùn, kí àgógó má lè débẹ̀.

Ní ti awọ tó pọ́n, bí kò bá sí egbò, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Bí ó bá lọ́gbẹ́, tàbí tó ń ṣomi, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyẹ́ tuntun á yọ nínú àpò tẹ́ẹ́rẹ́ funfun kan. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà tó bá ń dàgbà, ẹ má fọwọ́ fà á. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú sítáàṣì àgbàdo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí kò bá dá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má dúró nílé, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹyẹ gíráàmù 35 ò pọ̀ rárá.

Àṣàbí_ÒkèÀdó
Mo gbọ́, Dókítà. Oúnjẹ ńkọ́? Ohun tí Tóbi sọ nípa ẹ̀dọ̀ dẹ́rù bà mí. Oúnjẹ ẹyẹ alábala (pellet, èyí tí wọ́n lọ̀ pọ̀ tí wọ́n sì ṣe ní wóró-wóró) tí wọ́n ń tà nílùú òyìnbó yẹn wọ́n jù níbí, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí.

Àdùkẹ́_Ìkòròdú
Mọ̀mí, ẹ jẹ́ kí n gba èyí, torí pé mo ti ń tọ́jú bọ́jì láìrí oúnjẹ alábala rà déédéé. Jéró kò burú, òun nìkan ni kò tó. Fítámì A ló máa ń wọ́n nínú hóró, òun sì ni awọ àti ìyẹ́ ń fẹ́. Kárọ́ọ̀tì ni mo gbára lé jù: ẹ rin ín wẹ́wẹ́, kí ẹ dà á pọ̀ mọ́ jéró díẹ̀ kí wọ́n lè fọwọ́ sí i. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ níwọ̀nba, ewé ẹ̀gẹ́ kọ́, ẹ má fún wọn ní ìyẹn. Ata rodo tàbí tàtàṣé tútù, ẹ fún wọn pẹ̀lú hóró inú rẹ̀. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu bó ṣe ń ta wá, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ẹyin sísè díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún akọ nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ bá ń hù, torí èròjà amáradàgbà (purotéènì) ni ìyẹ́ fi ń dúró. Ẹ má fún abo ní ẹyin ní báyìí, kó má baà tún gbé e lọ́kàn sí ìtẹ́.

Píà tí a fi ń jẹ búrẹ́dì kò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn, ó lè pa ẹyẹ. Ṣokoléètì, kọfí, àlùbọ́sà, ohun oníyọ̀, gbogbo rẹ̀ náà ni. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa torí oògùn tí wọ́n ń fín sóko.

Bọ́jì ò máa ń gba oúnjẹ tuntun lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa gbé e síbẹ̀ láràárọ̀, kí ẹ tó gbé hóró wá. Ẹ má febi pa wọ́n kí wọ́n lè jẹ ẹ́, ẹyẹ kékeré tí kò jẹun lọ́jọ́ kan péré lè kú.

Àti omi ìwẹ̀! Ọyẹ́ máa ń gbẹ awọ wọn, ó sì máa ń yún wọn. Abọ́ pẹlẹbẹ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́ díẹ̀, láàárọ̀, kí ara wọn lè gbẹ kó tó di alẹ́.

Ìyábọ̀_Ìlọrin
Dókítà, mo ti gbé ọmọ ẹyẹ náà lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́, à ń retí èsì. Àwọn mẹ́ta tó kù wà ní yàrá mìíràn, ara wọn le títí di ìsinsìnyí. Mo ti pe ẹni tó tà á fún mi pé kó má tíì ta àwọn ọmọ tó kù nínú ìtẹ́ yẹn. Kò dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

DókítàẸran_Abẹ́òkúta
Ìyábọ̀, o káre. Bí èsì bá dé, kọ ọ́ síbí. Bí ó bá jẹ́ PBFD, a ó jọ sọ ọ̀rọ̀ fífọ kéèjì àti àyẹ̀wò àwọn mẹ́ta tó kù, torí ẹyẹ lè gbé e lára kó má sì hàn.

Àṣàbí_ÒkèÀdó
Ẹ̀yin ènìyàn mi, kéèjì kejì ti dé, àpótí ìtẹ́ ti kúrò, àwọn méjèèjì ti ń sùn ní yàrá tó dákẹ́. Àwọn àpò funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí Dókítà sọ ti ń yọ lẹ́yìn orí akọ, ó pọ̀! Ara rẹ̀ ń yún un, ó ń fi orí ha igi tó ń bà lé. Ṣé kí n ràn án lọ́wọ́? Àti pé, ìgbà wo ni mo lè dá wọn padà síbì kan náà?

DókítàẸran_Abẹ́òkúta
Ayọ̀ ńlá ni. Ibi orí ni ẹyẹ kì í ti lè bọ́ àpò yẹn fúnra rẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń ha igi. Bí ó bá gbà kí ẹ fọwọ́ kan òun, ẹ fi ìka ra àwọn tó ti gbẹ, tó ti funfun láti òkè, á fọ́ bí ẹ bá ti rà á. Èyí tí ìdí rẹ̀ ṣì dúdú tàbí tó pọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án, yóò dùn ún. Bí kò bá gbà, ẹ fi igi tí kò dán sínú kéèjì rẹ̀.

Dídá wọn padà: ẹ jẹ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ hù tán, kí awọ imú abo sì ṣí díẹ̀ kúrò ní bíráwùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pàdé níta kéèjì, lójú yín. Lẹ́yìn náà, kéèjì tó fẹ̀, abọ́ oúnjẹ méjì, abọ́ omi méjì, tí wọ́n jìnnà síra, igi púpọ̀ ní gíga ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí àpótí. Bí ó bá tún lé e, tó tún mú un lórí, ẹ yà wọ́n pátápátá. Àwọn méjì lè máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí, kí wọ́n máa kọrin síra wọn láti inú kéèjì méjì, kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan.